Ọ̀rá Kan, Ẹnu Mẹ́ta

Aránṣọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló ń ṣe jẹun kí àwọn kan tó gbé ìbọn wọ ìlú wọn. Wọ́n jó ilé, wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ wá ọ̀nà àbáyọ, kò sì tíì dé títí dòní. Òun àti ọmọ mẹ́ta ló fẹsẹ̀ rìn dé àgọ́ àwọn tí ogun lé. Ìgbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, àbíkẹ́yìn ti rù hangogo.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ọmọdé ní àgọ́ náà ní téèpù aláwọ̀ mẹ́ta tó fi ń wọn apá ọmọ. Àwọ̀ ewé, kò séwu. Ìyeyè, ẹ̀rù ṣì wà. Pupa, ikú kò jìnnà.

"Ó mà kéré o," Aránṣọ wí. "Téèpù tèmi ní ṣọ́ọ̀bù yí ìyàwó ọlọ́pàá ká."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n pupa ni téèpù fi hàn. Ó kó oúnjẹ kan fún un, tó rí bí ẹ̀pà lílọ̀ nínú ọ̀rá pélébé.

"Oògùn lẹ kà á sí o, ìyá. Ọmọ yìí nìkan ni kó máa jẹ ẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, pupa. Òmíràn kọjá, pupa. Ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ó ń tà á ni. Mo mọ irú wọn." Nọ́ọ̀sì dìde, ó lọ wo abẹ́ tapólì tí obìnrin náà ń gbé.

Ó bá wọn ní ọ̀sán. Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí ọ̀rá kan ká, ìyá wọn ń fún un sí ẹnu wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Ìyá, kí ni mo sọ?"

"Ẹ sọ ọ́, mo gbọ́. Àmọ́ ọmọ kì í jẹun kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ máa wò ó lẹ́nu. Àbí kí n ní kí wọ́n kọjú sí ògiri? Ògiri wo? Tapólì nìyẹn."

Ìyá arúgbó kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn dá sí i. "Mo ti ń sọ fún un. Olóríkunkun ni."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí i. "Ẹ̀yin náà, màmá, ẹ ti fún àwọn ẹ̀gbọ́n náà ní kín ni?"

Arúgbó náà wo inú ìkòkò rẹ̀. "Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án. Àmọ́ ẹ̀wà mi ò pọ̀."

Nọ́ọ̀sì lọ bá àwọn tó ń pín oúnjẹ, ó sì gba ẹ̀wà kún un. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin tó ń gbé ní ìlà tapólì náà ti ṣàdéhùn: bí ọmọ aláìsàn bá fẹ́ jẹ oògùn rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n á lọ jẹun nídìí ìkòkò ẹlòmíràn.

Kì í ṣe ìwà búburú ìyá ló fẹ́ pa ọmọ náà. Àwọn tó gbé ìbọn ni. Wọn kò ní ìdáríjì nínú ìtàn yìí.

Nígbà tí téèpù bọ́ sí ìyeyè, ọmọ náà ta nọ́ọ̀sì nípàá níkùn. Aránṣọ kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ìyá, ilẹ̀ dọ̀tí."

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀tí. Ẹ̀ṣọ́ ní mò ń tà á, ẹ̀yin wá wo ilé mi. Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

Ó pọn ọmọ, ó yára lọ sílé. Òun ló kàn láti se ẹ̀wà lọ́jọ́ náà, ọmọ aládùúgbò méjì sì ti jókòó síwájú tapólì rẹ̀ tí wọ́n ń retí.