Fọ́tò Àgbìgbò Inú Igi Apá

Láàárọ̀ àná, nílé wa ní Èrúwà, ọmọ ọmọ mi dúró lábẹ́ máńgòrò, ó ń fi fóònù ya àwọn ẹ̀gà tó ń hun ìtẹ́. Fóònù náà ń dún "kíṣá, kíṣá." Ìró yẹn gbé mi padà sí ìgbà tí kámẹ́rà kan ṣoṣo wà ládùúgbò wa, tí bàbá Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi sì ń gbé e kọ́rùn bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́.

Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ làwọn èèyàn rò pé kámẹ́rà wà fún, ṣùgbọ́n ẹyẹ ni Tíṣà ń yà: lékeléke tó ń tẹ̀lé màlúù, àdàbà lórí òrùlé. Ìyá mi a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá Bọ́lá, ṣé àdàbà ló máa wá gba fọ́tò ọ̀hún lọ́wọ́ yín?" Òun náà a rẹ́rìn-ín. Bí ilé ìwé bá ti parí, èmi àti Bọ́lá á tẹ̀lé e lọ sétí igbó ìjọba, lọ́nà Lanlátẹ̀. A kì í sọ̀rọ̀. Ikọ́ pàápàá, ṣe la máa ń gbé e mì.

Ibẹ̀ la ti rí àgbìgbò, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn nì. Abo rẹ̀ ti wọnú ihò igi apá kan, ó fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ra rẹ̀, àfi ojú tóóró kan tí ẹnu rẹ̀ lè yọ. Inú òkùnkùn yẹn ló ti ń sàba. Akọ ló ń bọ́ ọ, á gbé tata wá, á gbé èso wá, títí oòrùn á fi wọ̀. Tíṣà ya akọ náà bó ti ń na oúnjẹ sí ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà tán n'Íbàdàn, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀, àwọn aládùúgbò sì ń wá wò ó.

Bàbá Ràfíù, ọdẹ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, wò ó títí.

"Tíṣà, ó mà dára o. Igi wo nìyí?"

Inú Tíṣà dùn, ó júwe ibẹ̀ fún un.

Kò pẹ́ sígbà náà, a dé ìdí igi apá, ìyẹ́ la bá nílẹ̀. Akọ ò sí mọ́. Ẹnu abo ṣì yọ lójú ihò, ó ń là, ó ń padé. Bọ́lá fọwọ́ bojú. Tíṣà lọ bá Bàbá Ràfíù, ọdẹ náà ò sì sẹ́.

"Ẹran ni, Tíṣà. Èmi náà lọ́mọ tó ń jẹun."

"Èyí tó wà nínú igi ńkọ́?"

Bàbá Ràfíù wọlé lọ.

Láti ọjọ́ kejì la ti ń pa tata kiri ká lè fi bọ́ abo náà. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé Bàbá Ràfíù gbé àkàbà wá sídìí igi, kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn dì í mú kí Bọ́lá lè gùn ún. Abo náà kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí ebi pa á dójú ikú, ó gbà. A bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn àwọn ọmọ nínú igi. Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí a bá ẹrẹ̀ náà ní fífọ́, tí òkú ọmọ kan ṣoṣo kù nínú ihò.

"Dádì, ṣé àwọn yòókù fò lọ ni, àbí ejò ló gbé wọn?"

Bọ́lá ló ń béèrè. Tíṣà délé, ó já fọ́tò náà kúrò lára ògiri, n ò sì rí kámẹ́rà lọ́rùn rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé e lọ kọ́ni nílùú mìíràn, tòun ti ìdílé rẹ̀. Bí mo ṣe pàdánù Bọ́lá nìyẹn.

Wọ́n ti sun igi apá náà di èédú. Fọ́tò tó máa ń pẹ́ kó tó ti Ìbàdàn dé, ó ti ń dé òkè òkun kéèyàn tó ṣẹ́jú. N ò ní í purọ́ fún yín pé ayé àtijọ́ sàn jù, torí ayé àtijọ́ náà ló pa akọ yẹn. Àmọ́ mo ṣì ń gbọ́ àgbìgbò bó ti ń súfèé lọ́nà oko. N ò mọ ibi tí wọ́n ń yé sí. N ò sì béèrè.