Ó Wà, Ó Wà Á

Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà lọ́jọ́ náà, mo ti se ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ mi, Bàbá Wálé, mo sì ti nu gíláàsì ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni í nu gíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta. Bọ́ọ̀sì kékeré àlòkù ni, mo ti ní kí wọ́n yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè gba àpò. Orí pápá bọ́ọ̀lù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á, èmi ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

Gaàrí ni mo ń yan ní Èrúwà, Ìgàǹgán sì ni ẹ̀gẹ́ mi ti ń wá. Ẹ̀gẹ́ kò mọ sùúrù. Tí wọ́n bá ti hú u, tó bá di ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ á ti dúdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ tí mo háyà ti jẹ́ kí tèmi bàjẹ́ sọ́nà. Ìdí tí mo fi ra ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kò fara mọ́ ọn. Ó káwọ́ gbera lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Wálé, ọ̀nà Ìgàǹgán kì í ṣe pápá bọ́ọ̀lù o. Tí o bá fẹsẹ̀ rìn wálé lónìí, a máa ta ọkọ̀ yìí lọ́la."

"Mo gbà," ni mo wí.

Ní Igbó-Ọrà mo gbé èrò mẹ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan: obìnrin mẹ́ta àti bàbá àgbà kan tó ti jókòó síwájú, tó ń retí dírẹ́bà. Nígbà tí mo jókòó sídìí ọkọ̀, ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Bí a ṣe kọjá Ìdèrè báyìí, ó ké pé, "Ó wà o." Ẹ mọ̀ pé bí èrò ṣe ń sọ pé òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, igbó ni.

"Bàbá, ibo ló wà níbí?"

"Ibi tó wù mí ni. Mi ò lè jókòó kí obìnrin wà mí gba inú kòtò wọ̀nyí."

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó dùn mí gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, tó gbé igbá irú dání, bọ́ sí ìjókòó rẹ̀.

"Ìyá, ẹ máa wà á lọ jàre. Ọkùnrin ló wà mí já sí kòtò lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Ní Ayétẹ̀ mo dúró jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Ibẹ̀ ni ọmọ mi Bùkọ́lá ti pè mí láti Ìbàdàn. Oṣù rẹ̀ ti pé.

"Màmi, ta ló máa wá wẹ ọmọ fún mi, tí ẹ ti di dírẹ́bà?"

"Èmi náà ni. Ọkọ̀ mi ni màá sì gbé wá."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi dé Ìgàǹgán. Ó wù mí kí n wẹ ọmọ-ọmọ mi. Kò kàn wù mí kó jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló kù fún mi láti ṣe.

Oko lódindi ni wọ́n ń díye lé ní Ìgàǹgán, kì í ṣe àpò bíi tiwa. Ẹni tó rà á ló máa wá ẹni tí yóò hú u. Ó di ọ̀sán kí a tó di àpò tán. Bàbá tó bọ́ sílẹ̀ nínú igbó yẹn tún yọ sí mi, eruku ọ̀kadà ti sọ fìlà rẹ̀ di pupa. Kò rí ọkọ̀ tó ń padà sí Igbó-Ọrà.

"Màmá, ṣé àyè wà?"

"Ó wà, Bàbá."

Kí a tó dé Ìdèrè, bí a ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò kan, ọkọ̀ kú. Ẹrù wúwo, a bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bàbá ti bọ́ sílẹ̀. Mo ní ó tún ti sá nìyẹn, àfi bí mo ṣe rí i nínú dígí, tó ń ti òkúta sẹ́yìn táyà.

"Ó ti dúró," ó ní. "Màmá, ẹ wà á."

Mo tún ṣáná sí i, mo wà á. Ọkọ̀ ké, ó gun òkè, mo sì dúró de bàbá náà lókè.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mo dé ilé. Bàbá Wálé yí ọkọ̀ po, ó fọwọ́ kan àpò kọ̀ọ̀kan.

"Ìwọ lo wà á dé?"

"Èmi ni mo wà á."

Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi kò pọ̀: bí obìnrin bá ń dúró kí wọ́n sọ fún òun pé àyè ṣì wà, yóò pẹ́ ní ìdúró. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn iwájú, ó jókòó tì mí, bẹ́ẹ̀ láti ẹnu géètì dé ibi tí a ti ń yan gaàrí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Nígbà tí a débẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ó wà o, dírẹ́bà."

Mo dúró, mo sì ní kí ó san owó ọkọ̀ rẹ̀.