Àlejò Tó Pọn Ọmọ

Ẹni tó bá rò pé ìwé nìkan ni wọ́n ń kà ní yunifásítì, kó sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bẹ.

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn tó ń kàwé gboyè kejì bí wọ́n ṣe lè ran ilé ìwé ìjọba lọ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ni mo ní: má gba ilé ìwé kankan nímọ̀ràn, àfi tí o bá ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì, tí o rí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ lóòótọ́. Ó rọrùn lẹ́nu, àbí? Ẹ̀yin náà ẹ mú àlejò wọ ilé ìwé kan ládùúgbò Gàmbàrí wò, kí ẹ wá ní kí wọ́n ṣe bí ẹni pé wọn ò rí i.

Mo rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tòun ti táì rẹ̀, lọ sí pírámárì kẹta níbẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọmọ kíláàsì náà ni kò lè ka ìwé Yorùbá; ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Bó ṣe yọjú, àwọn ọmọ dìde fùú, wọ́n kọrin ìkíni. Tíṣà wọn, obìnrin, gbé àga tirẹ̀ fún un, ó ní kí wọ́n sáré ra omi tútù wá. Àwọn tó mọ̀wé jù nìkan ló sì ń pè dìde. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kejì náà nìyẹn.

Ó padà wá bá mi, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Dókítà, wọn ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan o. Ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n máa gba họ́lídé. Tí n ò bá rí ẹ̀kọ́ gidi kan, iṣẹ́ mi dànù nìyẹn."

"Àlejò ni wọ́n ń ṣe ọ́. Lọ di ará ilé."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn, sà?"

Ẹ má sọ fún un o: èmi alára ò mọ̀.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo tẹ̀lé e lọ, mo dúró sẹ́bàá fèrèsé. Tíṣà pọn ọmọ rẹ̀ wá síṣẹ́, ọmọ náà sì ń ké, kò gba ẹ̀bẹ̀. Ìyá ń jó lọ, ó ń jó bọ̀ níwájú pátákó, kò rí ọ̀rọ̀ kan kọ tán. Kí n tó mọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mi ti bọ́ táì, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gbé e lé mi lẹ́yìn."

"Súbúhánállà! Sà, ẹ mọ ọmọ pọ̀n ni?"

"Ẹ̀yìn mi yìí làwọn àbúrò mi dàgbà sí."

Kíláàsì hó yèè. Ọmọ kan ní òun á sọ nílé pé sípẹ́kítọ̀ ti bímọ. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó so ọ̀já fún un, ó lé e lọ sẹ́yìn: "Máa jó níbẹ̀ yẹn, kó lè sùn."

Ó bá gbàgbé wa pátápátá. Ó ní kí wọ́n ṣí ìwé, gbogbo wọn sì ń kà á bí ìgbà tí wọ́n ń ké kéú, ohùn wọn ṣọ̀kan, kò sẹ́ni tó ṣì í. Àmọ́ ọmọbìnrin kan lẹ́yìn, ìwé rẹ̀ dorí kodò, ó sì ń kà á geere.

Nígbà tí Tíṣà wá gba ọmọ rẹ̀, ó rí i pé ojú ẹni tó pọ̀n ọ́n ń dán.

"Bàbá ọmọ, kí lo rí?"

"Àǹtí, orí wọn mú jù! Etí ni wọ́n fi ń kàwé. Wọ́n ti há a sórí. Ẹ kọ èyí tí wọn ò gbọ́ rí."

Tíṣà wo ọmọ, ó wo sà, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sójú pátákó: "Ọmọ ti tọ̀ sí sà lẹ́yìn."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi ló kọ́kọ́ kà á. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níwájú, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń kà á. Ó ku ọmọbìnrin oníwèé kodò. Gbogbo wa ń wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó wo pátákó, ó wo ẹ̀yìn sà, ó tún wo pátákó.

Ó bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà pàtẹ́wọ́: "Àlùbáríkà! Ó kà á!"