Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fà Lé Ẹ̀gbọ́n Lọ́wọ́

Ní Ìlúpéjú, ọ̀dọ́kùnrin tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ tọ adìẹ aládìẹ lọ, tó ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ lábẹ́nu, orúkọ kan ṣoṣo la ní fún un: olè. Èmi ni olè yẹn. Láràárọ̀, màá dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí adìẹ kan, màá máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti sá, màá kọ ibi tí mo dé sílẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ kí n sún mọ́ òun, ọkàn ẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Èyí tó bá sá látòkèèrè, ẹnì kan ti ń jù ú lókò. Ìwádìí yunifásítì nìyẹn o. Lójú tèmi, mo ti di dókítà adìẹ. Lójú àwọn ará àdúgbò, ìwé ti dà mí lórí rú.

Ẹni tó fà mí wọ̀ ọ́ ni ẹnì kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n. Agbo ilé kan náà ni bàbá ẹ̀ àti bàbá mi ti wá. Ó ti rí àyè ìwádìí gbà ní yunifásítì, irú èyí tí wọ́n ń sanwó fúnni láti fi kàwé di ọ̀mọ̀wé. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ara máa ń tu adìẹ ìbílẹ̀ tó ń sùn lórí igi ju èyí tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ dé mọ́lẹ̀ lọ. Ká sòótọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá adìẹ sùn dáadáa. Èmi tí mo ti jókòó sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn tí mo jáde sẹ́kọ́ńdìrì, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo sùn dáadáa.

Àyè kan tún wà nínú iṣẹ́ náà fún ọmọ tó ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì. Á máa ṣe àkọsílẹ̀, yunifásítì á gbà á wọlé láti kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, owó ìwádìí náà ni wọ́n á sì máa fi san owó iléèwé ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń wá.

"Àbúrò, tìẹ nìyẹn," Ẹ̀gbọ́n sọ fún mi. "Kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù yẹn, kó o gbé e wá. Èmi ni màá bá ẹ fi ránṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àtiwọ yunifásítì tọdún yìí o."

"Ẹ̀ẹ̀mejì tó o ti ṣe é, kí lo mú bọ̀?"

"Ìrírí ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Ọwọ́ mi lo wà."

Mo kọ ọ̀rọ̀ kún un, mo fà á lé e lọ́wọ́, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Òrùka rọ́bà tó ní nọ́ńbà ló kọ́kọ́ kó wá, pé ká fi sí adìẹ lẹ́sẹ̀. Àwọn màmá tó ni adìẹ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ohun téèyàn bá ti ń kà kiri, ó máa ń dín kù ni. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bínú. Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé aṣọ làwọn màmá ń so mọ́ adìẹ lápá kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti aládùúgbò. Mo lọ ṣa àjákù lọ́dọ̀ aránṣọ, mo kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, adìẹ kọ̀ọ̀kan sì gba aṣọ tiẹ̀. Kò sí nọ́ńbà adìẹ kankan nínú ìwé mi, orúkọ aṣọ ni. Sátínì Pupa sá ní ìṣísẹ̀ méje. Léèsì Funfun ò sá rárá, ó tiẹ̀ ṣá mi lẹ́sẹ̀ jẹ.

Ẹ̀gbọ́n ya àwòrán gbogbo ẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń wá gba ìwé náà lọ wò.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín bíi tiwa. "Ṣé ó ti fi fọ́ọ̀mù rẹ ránṣẹ́?"

"Màmi, báwo ni mo ṣe fẹ́ bi í? Ṣé kó ní mi ò gba òun gbọ́ ni?"

"Mi ò ní o bú u. Mo ní o bi í. Ulé rẹ̀ kò jìnnà."

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, àgbà tó bá ní òun máa ṣe nǹkan fún ẹ, o kì í tọ pinpin ẹ̀. Ọpẹ́ lo máa ń tọ́jú sílẹ̀. Èmi sì ti dúpẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ẹnu bèèrè ohunkóhun mọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi gun ọ̀kadà lọ Ọ̀yẹ́ láti lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n ké sí mi. Mo ní àwa tá a ti wà nínú ìwádìí, a ò ṣe ìdánwò mọ́. Àwa! Èmi àti Sátínì Pupa. Ìforúkọsílẹ̀ parí, mi ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó parí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, ọ̀kadà já ọmọkùnrin kan sílẹ̀ níwájú ilé wa. Ó wọ bàtà òjò tuntun, ó sì di ìwé mi mú.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa fi àwọn adìẹ hàn mí."

"Ta ló ní?"

"Ọkọ àǹtí mi."

Mo wá dá a mọ̀. Àbúrò ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ni.

"Kí lo fẹ́ fi adìẹ ṣe?"

"Iṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n ti gbà mí wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá." Ó ṣí ìwé náà. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni Sátínì Pupa?"

Wọ́n ti lẹ bébà mọ́ orúkọ mi lẹ́yìn ìwé náà, wọ́n kọ tiẹ̀ sí i.

Mo gun ọ̀kadà tó gbé e wá, ó di Ìkọ̀lé, níbi tí Ẹ̀gbọ́n ń gbé. Títí a fi kọjá Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, èébú ni mo ń tò. Mo tò ó dáadáa, mo fi ti bàbá sí i, mo yọ ti bàbá kúrò torí agbo ilé kan náà ni bàbá wa ti wá. Nígbà tí mo dé ọ̀hún, tí mo rí Ẹ̀gbọ́n tó ń mu tíì níwájú ilé, ara mi ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àbúrò! Dìde, dìde. Ṣé ọmọ yẹn dé ọ̀dọ̀ ẹ?"

"Ó dé. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fi fọ́ọ̀mù mi ránṣẹ́?"

Ó gbé ife sílẹ̀. "Ìwọ náà wò ó. Ìyá ìyàwó mi ló pè mí. Ṣé kí n sọ fún àna mi pé rárá ni?"

"Ṣé ẹ fi ránṣẹ́?"

Ó wọlé, ó gbé e jáde nínú ọ̀rá, ó mọ́ tónítóní. "Wò ó, kò sọnù. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, wàá tún lò ó. Ṣáà máa bá ọmọ yẹn mú adìẹ ná, àwọn màmá yẹn ò mọ ẹlòmíì."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á. "Ẹ ṣé, sà." Ẹnu mi ló sọ ọ́, mi ò rán an.

Nígbà tí mo padà délé, ọmọ náà ṣì jókòó síbẹ̀, Màmi ti fún un níṣu sísun. Màmi ń bó ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí. Mo gbé fọ́ọ̀mù lé e lẹ́sẹ̀. Ó wò ó, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ká máa lọ?" ọmọ náà bi mí.

Èébú tí mo tò ṣì wà lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ín. Mo ní kó máa dá lọ, kó kan ilẹ̀kùn àwọn màmá níkọ̀ọ̀kan, kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ àti ẹni tó rán an, kó sì dúró títí wọ́n á fi dá a lóhùn.

"Ṣé ó máa pẹ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí."

Ó wo bàtà ẹ̀, ó fi ìwé há abíyá, ó gba ilé àkọ́kọ́ lọ. Màmi ti ọ̀bẹ kejì sí mi. Mo jókòó, mo fa ẹ̀gẹ́ kan mọ́ra, mo ń wá àwàdà kan tí mo lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo bó mẹ́ta tán, mi ò rí i.