Nígbà Tó Ku Ọmọ Mẹ́ta Kí Wọ́n Ṣí Ìgò Àjẹsára

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan ni nọ́ọ̀sì ka àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀, tó ní wọn kò pé. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, ní ìhà Igando. Ibẹ̀ ni ọmọbìnrin mi ti forúkọ sílẹ̀ nígbà oyún. Àwa tí a wà níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì náà, ìyá méje pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ wọn, àti èmi. Ọmọbìnrin mi wà lára àwọn ìyá náà. Ọmọ tirẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́jọ́ yẹn.

"Ọmọ méje péré," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ìgò kan tó ogún ọmọ. Tí mo bá ti po oògùn inú rẹ̀, tó bá kọjá wákàtí mẹ́fà, dídànù ni. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọmọbìnrin mi ní, "Ohun tí ẹ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyẹn, mà."

"Mo mọ̀. Ọmọ ò wá, kí n lọ bí wọn ni?"

Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ni a wá gbà, ikọ́ ife ló sì pa ìyàwó mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, dókítà kan gún èmi náà ní abẹ́rẹ́ kékeré kan sí apá láti fi yẹ̀ mí wò. Ní ọjọ́ kẹta, ojú ibẹ̀ wú, ó le. Wọ́n ya àwòrán àyà mi, àyà mọ́. Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò ikọ́ náà ti wọ ara mi, pé àwọn ọmọ ogun ara ti gbé e mì, wọ́n sì yí i ká sójú kan. Kò kú. Ó ń sùn ni. Ó ní inú ọmọ ogun tó gbé e mì gan-an ló fi ṣe ilé, ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àjẹsára tuntun rọrùn láti ṣe. Èyí tó wà nílẹ̀ ti pẹ́, àwọn ọmọdé ló sì ń gbà là jù. Ti àgbàlagbà, wọ́n ṣì ń dán an wò.

"Èyí tó ń sùn kì í ran ẹlòmíràn," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wá gba oògùn, kó má baà jí."

N kò lọ gbà á. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ ni mí, ní Akowonjo. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó ka ìwé jáde, n kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ojútáyé ni wọ́n ti ń pín oògùn yẹn. Mo rò pé òbí kan yóò rí mi, ilé ẹ̀kọ́ yóò sì gbọ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi bímọ, tó gbé e wá sílé mi ní Ẹgbẹ́dá, n kò lè fi ọkàn balẹ̀ mọ́. Dókítà ní kì í ran èèyàn. Àmọ́ wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó mi náà pé ikọ́ lásán ni. N kò gbé ọmọ náà rí. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ tó bá gba abẹ́rẹ́ ni n ó gbé e.

Nítorí náà n kò lè jókòó. Mo bi nọ́ọ̀sì pé mélòó ló fẹ́.

"Bàbá, tí wọ́n bá pé mẹ́wàá, màá ṣí i. Aago méjìlá ni mò ń kó ẹrù mi o."

Mo gba káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo bọ́ síta.

N kò mọ ẹnì kankan ládùúgbò náà. Okùn aṣọ ni mò ń wò. Níbi tí mo bá ti rí aṣọ ọmọ jòjòló tí wọ́n sá, mo kan ilẹ̀kùn. Ní ilé àkọ́kọ́, ọmọ ibẹ̀ ti ń rìn. Ní ilé kejì, ọmọ ti gba tirẹ̀ níbi tí wọ́n bí i sí. Ní ilé kẹta, ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ló jáde.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ta lẹ ń wá?"

"Ọmọ tuntun ni mò ń wá."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ọmọ tuntun."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mẹ́ta ló kù."

"Mẹ́ta ló kù kó pé kí ni? Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn jàre." Ó kọjú sínú ilé. "Ẹ wá gbọ́, bàbá yìí ń ra ọmọ."

"N kò sọ pé mo fẹ́ rà."

"Ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ gbà á, àbí?"

Àwọn mẹ́rin láti inú ilé ti yí mi ká. Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu mi. Mo na káàdì sí wọn. Ìyàwó ọkùnrin náà gbà á, ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ti nọ́ọ̀sì yẹn ni. Ó ti dá mi padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ní ọmọ ò pé?"

"Méje ni wọ́n. Ó ní kó pé mẹ́wàá."

"Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀, bàbá. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n nà yín."

Ó pọn ọmọ tirẹ̀, ó sì lọ pe àwọn aládùúgbò méjì tí wọ́n jọ bímọ lóṣù kan náà. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Kò gbójú kúrò lára mi.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjìlá lù, nọ́ọ̀sì ṣí ìgò. Ó gún ọmọ wa lápá òsì, ojú ibẹ̀ ru sókè díẹ̀.

"Ṣé kòkòrò náà kò lè mú un mọ́ báyìí?" ni mo bi í.

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù. Ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ bó ṣe máa jà ni, ó máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ojú ibẹ̀ máa wú, ó lè yọ ọyún. Ẹ má fi nǹkankan pa á o."

N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rò pé wéré ló ń ṣiṣẹ́.

Ní ibùdókọ̀, ọmọbìnrin mi na ọmọ sí mi kí ó lè wá owó ọkọ̀ nínú báàgì. Mo sún sẹ́yìn. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí.

"Ẹ̀yìn tó ń dùn yín lẹ fi ń sáré kiri láti àárọ̀, Dádì?" Ó gbé ọmọ padà sáyà. "Ẹ kúkú sọ ọ́. Torí pé n kò sí nílé ọkọ ni. Ẹ ò fẹ́ ọmọ yìí."

"Ikọ́ màmá rẹ wà lára mi," ni mo wí. "Ó ń sùn ni."

Ó yíjú sí mi. Ọkọ̀ kan dé, a kò wọ̀ ọ́.

"Dókítà ló ní ó ń sùn?"

"Òun ni. Ó ní kì í ran èèyàn."

"Oògùn ńkọ́?"

"N kò lọ gbà á."

"Ẹ ò gba ohun tó sọ gbọ́, ẹ ò sì gba oògùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ti ń yẹra fún ọmọ yìí, Dádì. Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?"

Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. A wọ ọkọ̀ tó tẹ̀lé e, ó sì gbé ọmọ mọ́ àyà títí a fi délé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ilé ẹ̀kọ́ pé n ó pẹ́ dé. Mo lọ gba oògùn. Ẹni tó ń pín in bi mí pé kí ló dé tí n kò wá látọjọ́ yìí. Mo ní iṣẹ́ ni. Mo gbé ti ọjọ́ náà mì níwájú rẹ̀. Mo padà sílé, mo fọ ọwọ́ mi, mo sì gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó lè rí oorun díẹ̀ sùn.