Ìka Sàfúrátù Lára Ògiri

Láàárọ̀ àná, ọmọ-ọmọ mi ké sí mi láti ẹ̀yìnkùlé pé kí n wá wo labalábá ńlá kan. Àfòpiná ni, kì í ṣe labalábá. Ó lẹ̀ mọ́ ògiri lábẹ́ iná, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọmọ náà yọ fóònù, ó ní kí n gbé ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ọwọ́ mi kọ̀, kò gbéra.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹdẹ níbí, bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti rọ̀, àfòpiná ńlá a máa kọjá. Apá Alájùé ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n á lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìwé wa, níbi tí gílóòbù ti ń tàn mọ́jú. Tó bá di ọjọ́ kẹta, a ò ní rí ẹyọ kan mọ́. Tíṣà wa pàápàá ò mọ ibi tí wọ́n ń rè, ṣùgbọ́n kì í jẹ́wọ́.

Èmi àti Sàfúrátù, ọ̀rẹ́ mi láti agboolé tó kángun sí tiwa, la máa ń tètè dé ibẹ̀ láti wò wọ́n. Lọ́dún kan, bàbá mi yá wa ní kámẹ́rà rẹ̀. Fíìmù inú rẹ̀ ku ẹyọ kan péré. Mo ní kí n ya Sàfúrátù àti àfòpiná pọ̀, ó kọ̀.

“Òun ni kí o yà. Òun ló ń lọ, èmi ò lọ síbì kankan.”

Ìka kan ló nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ká lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Kò pẹ́ tí wọ́n fọ fíìmù náà ni ibà dá Sàfúrátù dùbúlẹ̀. Ládùúgbò wa nígbà náà, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí ló gbà pé ẹni tó bá fọwọ́ kan àfòpiná ńlá ti fọwọ́ kan àlejò tó tọ̀dọ̀ àwọn òkú wá, yóò sì mú un lọ. Àwọn àgbà agboolé bi mí bóyá Sàfúrátù fọwọ́ kàn án. Mo ní rárá, mo sì sáré mú fọ́tò wá láti fi jẹ́rìí. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni pé ó kàn án.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń ṣàdúà, tí wọ́n ń fi ọwọ̀ lé àfòpiná tó ti lọ tipẹ́. Ìyá mi náà bá wọn gbálẹ̀. Ọsibítù ò jìnnà, ẹnikẹ́ni ò gbé e lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n sin Sàfúrátù. Wọ́n ní kí n jó fọ́tò náà, mo sì jó o.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àfòpiná tó lóun ó pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Èyí tiwa ò pa ẹnikẹ́ni. Àwa ni. Inú ṣì ń bí mi sí wọn, ó sì ń bí mi sí ara mi jù. Mo ti gbàgbé ojú Sàfúrátù. Ìka yẹn nìkan ni mo rántí.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ náà, mo ní kó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní àfòpiná lòun fẹ́, òun ò fẹ́ wà níbẹ̀.

“Àfòpiná á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀,” ni mo wí. “Gbójú sókè, kí n rí ẹ.”