Mo Wá Síkáàfù Oníjàánu Dé Bẹyẹrúnká

Wọn kò tíì pe ìrun àárọ̀ ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa tí mo fi dé gáréèjì Adó-Èkìtì. Bàbá Tọ́pẹ́, ọkọ mi, ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé mi lọ. Kò fẹ́ràn ìrìn àjò náà rárá.

"Ìyá Tọ́pẹ́, ṣé o mọ ilé obìnrin tí ò ń lọ bá yìí?"

"N kò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé o ti fi ojú rí i rí?"

"Rárá, àfi nínú fọ́tò."

Ó mirí, ó ra búrẹ́dì fún mi, ó sì dúró tì mí títí ọkọ̀ fi kún. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, ó tẹ orí bọ ojú fèrèsé, ó ní, "Bí o kò bá rí i, má ṣe sunkún o. Ṣáà máa bọ̀ wálé."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dìde. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo sì fẹ́ràn síkáàfù sílíìkì ju ẹran lọ. Kì í ṣe gbogbo síkáàfù o. Èyí tí mò ń kó jọ jẹ́ iṣẹ́ àwọn aránṣọ òkè òkun kan. Onígun mẹ́rin ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká etí rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń ràn án. "Kàré" ni àwa tí a ń kó o jọ ń pè é. Ọ̀rọ̀ Faransé ni, ohun tí igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba ló túmọ̀ sí. Ohun ẹṣin kì í wọ́n lára wọn: gàárì nínú òmíràn, ẹ̀wọ̀n nínú òmíràn. Àwọ̀ lè yàtọ̀, àárín lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìjánu kì í ṣàìsí níbẹ̀. Inú òkìtì òkìrìkà ní Ọjà Ọba Adó ni mo ti rí àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti rí ìjánu láàárín aṣọ àlòkù, ńṣe ni mo máa ń sáré fà á yọ.

Lórí Wásáàpù, láàárín àwọn olólùfẹ́ síkáàfù, ni mo ti pàdé Màmá Ìbùkún tó ń ta òwú àti bọ́tìnì l'Ọ́jà'ba n'Ílùú Ìbàdàn. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, níbi tí obìnrin kì í ti í ṣí orí sílẹ̀, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí síkáàfù kì í sí lórí wọn. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni a máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ara wa: èmi nínú aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, àwọn náà níwájú ilé wọn, òpó ńláńlá gbọ̀ngàn Mápó lókè lẹ́yìn wọn. Nígbà tí Ìbùkún ọmọ wọn parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n fẹ́ ṣe ìdúpẹ́. Mo di síkáàfù mi tó ṣọ̀wọ́n jù lọ, aláwọ̀ ojú ọ̀run tó ní ìjánu funfun yí ká, mo fi rán awakọ̀ sí wọn kí wọ́n wé e lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn ìdúpẹ́, n kò gbúròó wọn mọ́. Mo pè, ó dún, wọn kò gbé e. Nígbà tó yá, wọ́n pa fóònù pátápátá. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Bàbá Tọ́pẹ́ ní, "Wọ́n ti lù ọ́ ní jìbìtì." Èmi ò gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí èmi ń rò burú ju ti jìbìtì lọ. Mo ń rò pé wọ́n ti kú, pé kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó yẹ kí a sọ fún mi. Nígbà tí ilé ìwé wọ ìsinmi, n kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi dé Ìbàdàn. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Àrámọkọ. Láti Ìtáwúrè, kòtò ló ń fi wá ṣeré, kùrukùru sì bo orí àwọn òkè bí òwú. Mo ti wé síkáàfù pupa mi sórí, kí Màmá Ìbùkún lè tètè dá mi mọ̀. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí.

"Mọ̀mí, kí ló wà lára aṣọ orí yín yìí?"

"Ìjánu ẹṣin ni."

"Ẹṣin náà dà?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni n kò rẹ́rìn-ín látìgbà tí mo ti jí.

Ní Ìkirè, a sọ̀ láti ra dòdò. Ẹ̀yin ará ilé, dòdò Ìkirè kì í ṣe dòdò tiwa. Tiwa pupa rẹ́súrẹ́sú, a sì ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Tiwọn dúdú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata kí wọ́n tó dín in nínú epo. Ó dùn, ó sì ta mí lẹ́nu. Mo ra ti Màmá Ìbùkún dání. Bí mo ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà ni ọkàn mi ń bi mí pé, ta ni màá gbé e fún?

A sọ̀ sí Ìwó Road. Níbẹ̀ ni mo ti wọ máíkírà, ọkọ̀ kékeré tí àwọn ará Ìbàdàn ń gùn bí àwa ti ń gun ọ̀kadà. Èèyàn méjì ni wọ́n ń kó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ìyẹn tó bá jókòó láàárín sì gbọ́dọ̀ máa gbé ẹsẹ̀ kúrò nígbàkigbà tí jíà bá fẹ́ wọlé. Èmi ni mo wà láàárín. Títí a fi dé Bẹẹrẹ ni mo ń tọrọ àforíjì.

Láti Bẹẹrẹ, mo fi ẹsẹ̀ rìn. Àwa náà ní Ọjà Ọba l'Ádó, ṣùgbọ́n à ń pè é tán. Àwọn ará ibí ti gé e kúrú, Ọjà'ba ni wọ́n ń pè é. Gbọ̀ngàn Mápó wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀, bí mo ṣe ń rí i nínú fọ́tò gẹ́lẹ́. Mo ń gbójú sí i, mò ń wo òrùlé tó ti dípẹtà lọ rẹrẹẹrẹ, mò ń wá ibi tí ènìyàn lè dúró sí kí òpó wọ̀nyẹn bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Nílé, bí o bá ní orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, ó tán. Ní Bẹyẹrúnká, àdúgbò tí Màmá Ìbùkún ti sọ fún mi rí pé àwọn ń gbé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ẹni tí mo bá ń bi mí: "Agbo ilé wo ni?" N kò mọ agbo ilé.

Télọ̀ kan jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, ó ń rán ṣòkòtò. Mo kí i, mo ní mò ń wá Ìyá Ìbùkún.

"Ẹ káàsán mà. Ìyá Ìbùkún pọ̀ níbí o. Èwo nínú wọn?"

Mo nawọ́ sí orí mi. Ó wò ó, ó sì pariwo, "Hà! Màmá Ẹlẹ́ṣin!"

"Àwọn ni. Ṣé wọ́n wà?"

Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Wọ́n wà o. Àmọ́ ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí a ti rí wọn níta. Wọn kì í lọ ọjà, wọn kì í lọ ìsìn. Ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé yẹn ni, mà. Ẹ bá wa wò wọ́n."

Wọ́n wà. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí omi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kì í jáde ńkọ́? Àìsàn wo ni? Mo gba ibi ilẹ̀kùn náà lọ.

Mo kan ilẹ̀kùn, mo ṣe àgò. Obìnrin kan yọ láti inú ilé, aṣọ ìnura ni wọ́n so mọ́rí. Mo mọ ojú náà. Àwọn náà wo ojú mi, wọ́n wo orí mi, wọ́n ké, "Yéè! Tíṣà!" Wọ́n sì yí padà, wọ́n sá wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú dòdò lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi nìkan ni o."

Láti inú yàrá ni wọ́n ti dáhùn. "Ṣé ẹ ò mú ọlọ́pàá dání?"

"Ọlọ́pàá kẹ̀? Nítorí kí ni?"

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀díẹ̀. Màmá Ìbùkún kúnlẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó dàgbà jù mí lọ dáadáa! Mo sáré kúnlẹ̀ níwájú wọn, kí ojú má baà tì mí. Ẹkún ni wọ́n ń sun. Wọ́n fa nǹkan kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n tú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e. Síkáàfù mi ni. Ojú ọ̀run ti di ẹlẹ́rẹ̀. Àwọn ìjánu funfun ti pọ́n bí ojú ẹni tó mu ẹmu.

"Òjò ló pa wá níbi ìdúpẹ́," ni wọ́n wí. "Ìborùn pupa mi ṣí, àwọ̀ rẹ̀ ṣàn sí síkáàfù yín. Mo ní kí n tètè fọ̀ ọ́, mo fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún bàjẹ́ sí i. Tíṣà, ojú tì mí. Bí fóònù bá dún báyìí, àyà mi á já. Ni mo bá pa á. Mi ò lè wé ọ̀kankan nínú tèmi mọ́. Bí mo bá gbé e sórí, ẹ̀yin ni mò ń rí. Bí mo bá sì jáde láìwé e, gbogbo àdúgbò á máa bi mí pé kí ló dé."

Mo di síkáàfù náà mú. Ó ti le, ó ti hunjọ. Mo dúró de ìbínú, kò dé. Ohun tó dé ni ẹ̀rín. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ẹ ti kú ni."

"Kú bí i báwo?"

"Mo rò pé wọ́n ti sin yín. Kíláàsì ni mo ti máa ń rò ó. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mò ń rò ó." Mo gbé síkáàfù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ wá wo ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ pa fóònù!"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú, àwọn náà bá bú sẹ́rìn-ín. A dì mọ́ ara wa nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ara mi fúyẹ́ bí ìyẹ́.

Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ rírò ni wọ́n fi ṣe mí lálejò, a sì fi dòdò Ìkirè pa ẹnu dà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ́ gbogbo síkáàfù wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n mú aláwọ̀ iyeyè tó ní gàárì láàárín, èyí tí mo ti ń ṣojúkòkòrò sí látọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n ní kí n máa mú un lọ dípò tèmi. N kò ní purọ́ fún yín, ọwọ́ mi fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n mo wo aṣọ ìnura tó wà lórí wọn.

Mo ní, "Ẹ wé e. Ẹ wé e, ká jọ jáde."

Wọ́n wé e lọ́nà tiwọn, wọ́n ta á ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òsì. Nílé, ẹ̀yìn ọrùn la máa ń ta á sí. A gun òkè Mápó lọ. Télọ̀ rí wa, ó gbé tépù sókè, ó ní, "Màmá Ẹlẹ́ṣin, ẹ kú àbọ̀ sáyé o!" Títí a fi dórí òkè ni àwọn èèyàn ń kí wọn, tí wọ́n ń bi wọ́n pé ibo ni wọ́n lọ. Ọ̀kan náà ni èsì wọn: "Mo wà nílé. Àbúrò mi ló wá mú mi jáde." Lókè níbẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ síkáàfù mi mọ́ mi lójú, a sì wo ìlú títí òòrùn fi rọ̀.

Mo sùn lọ́dọ̀ wọn. Ìbùkún dé láti ibi iṣẹ́, ó rí síkáàfù lórí ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹnu ko ìyá rẹ̀ lórí. Lọ́jọ́ kejì, mo padà s'Ádó. Mo fi síkáàfù tó bàjẹ́ sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní àwọn yóò gé e fi bo ìrọ̀rí. Nígbà tí mo délé, tí Bàbá Tọ́pẹ́ rí mi lọ́wọ́ òfo, ó fẹ́ máa bá mi kẹ́dùn. Mo ní kó gbé omi kaná fún mi, ara mi ń fẹ́ ìwẹ̀ àti oorun.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán. Èyí tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá dákẹ́, ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa fi ọkàn sìnkú rẹ̀. Ẹ wọkọ̀.